Ta Ló Kàn Nídìí Páàdì?

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ géèmù dé láyé, kó yà sí ṣọ́ọ̀bù géèmù kan ní Sábó, n'Ìkòròdú, lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé. Tẹlifíṣọ̀n méjì tàbí mẹ́ta wà lára ògiri, bẹ́ǹṣì onígi wà níwájú wọn, fáànù ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná, jẹnẹrétọ̀ ń kùn lẹ́yìn ilé. Ẹni méjì ló di páàdì mú, ẹni mẹ́wàá ló ń wò wọ́n, gbogbo àwọn mẹ́wàá náà ló sì mọ ibi tó yẹ kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù sí. Bí eré bá ti parí, ẹni tí wọ́n nà á dìde, ẹni tó nà án á jókòó, oníṣọ́ọ̀bù á tún béèrè ohun tó ti ń béèrè láti àárọ̀: "Ta ló kàn?"

Òǹkọ̀wé yìí ti ń jókòó sórí irú bẹ́ǹṣì bẹ́ẹ̀ láti ayé PlayStation àkọ́kọ́. Ó ti ta géèmù ní Ìgbógbó, ó ti ta á ní Odògúnyàn, ó sì ti ta á ní Ẹ̀pẹ́, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ LASU máa ń wá fi páàdì tu ara wọn lára lẹ́yìn ìdánwò. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ìròyìn géèmù láti òkè òkun kò dáwọ́ dúró: ẹ̀rọ tuntun dé, àwòrán rẹ̀ dán ju ti àná lọ, ilé-iṣẹ́ ńlá kan ti ra òmíràn. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò kan bẹ́ǹṣì yẹn rárá. Ọ̀kan ló kàn án gbọ̀ngbọ̀n. Sídì ń lọ.

Kí ọ̀rọ̀ náà tó yéni, àfi kéèyàn rántí PS2. Sony gbé PlayStation 2 jáde ní Japan ní oṣù Ẹrẹ́nà 2000, wọn kò sì dá ṣíṣe rẹ̀ dúró títí di oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2013. Èyí tí wọ́n tà tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 160. Kò tíì sí ẹ̀rọ géèmù tí wọ́n tà tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí wọn kò ṣe é mọ́ pàápàá, Konami ṣì ṣe PES 2014 fún un, EA náà ṣe FIFA 14. Ní Japan, Winning Eleven ni orúkọ géèmù bọ́ọ̀lù Konami. Ní Yúróòpù, Pro Evolution Soccer ni. Ní Sábó, "Winning" ni gbogbo rẹ̀ ń jẹ́, ohun yòówù kí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀.

Konami kò ní àṣẹ láti lo orúkọ ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù, ìdí nìyí tí Liverpool fi ń jẹ́ Merseyside Red. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí kò tíì rí àwòrán ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí mọ Merseyside bí ẹni mowó. Ó mọ Castolo, ó mọ Minanda, ó mọ Ivarov tó ń ṣọ́lé, àwọn agbábọ́ọ̀lù tí kò sí níbì kankan láyé àfi nínú Master League, abala kan nínú géèmù náà. Ó sì mọ ẹsẹ̀ òsì Adriano ti Inter nínú PES 6, tó jáde ní 2006: 99 ni wọ́n fún agbára ẹsẹ̀ rẹ̀, bó bá sì ti rí àyè díẹ̀ níwájú, aṣọ́lé kan kò lè ṣe nǹkan kan sí i. Kò ṣàjèjì nígbà náà kí oníṣọ́ọ̀bù sọ pé, "Ẹ ò gbọdọ̀ mú Inter o," kí ìjà má bàa bẹ́ sílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ sídì ìgbà yẹn, ọjà Alábà ni wọ́n ti wá. Àdàkọ ni wọ́n, àwọn tó ṣe géèmù náà kò sì rí kọ́bọ̀ nínú wọn. Kò dáa, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni tó fẹ́ràn géèmù máa gbè é lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ kì í sọ ni pé ojúlówó kò sí lọ́jà tí ọmọ Ìkòròdú lè gbé owó lọ rà. Nígbà tí PS4 dé, tí àdàkọ wá nira, tí ojúlówó sì di ohun tó ṣeé rí ní Computer Village n'Ìkẹjà, àwọn oníṣọ́ọ̀bù bẹ̀rẹ̀ sí í rà á, tuntun tàbí tòkúnbọ̀. Owó gidi ni wọ́n ń san.

Bí sídì kan ṣe ń ṣiṣẹ́ ládùúgbò nìyí. Oníṣọ́ọ̀bù rà á lẹ́ẹ̀kan, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ta á. Bí èyí tó tẹ̀ lé e bá jáde, á gbé ti àtijọ́ fún ṣọ́ọ̀bù tó kéré sí tirẹ̀, bóyá ní Ẹ̀pẹ́, wọ́n á fi owó díẹ̀ lé e lórí. Láti ibẹ̀ ó lè wọ ilé ẹnìkan tó ní PS4 tòkúnbọ̀, kí ọmọ ìyá rẹ̀ yá a, kí ọ̀rẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀ náà yá a. Ọdún mẹ́ta, ọdún mẹ́rin, ó ṣì ń sáré nínú ẹ̀rọ. Ohun ìní ni. Ó ṣeé yá, ó ṣeé tà, ó ṣeé fi tọrẹ, ó sì ṣeé fi dógò.

Ohun ìní yìí ni ilé-iṣẹ́ géèmù ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn díẹ̀díẹ̀. Winning fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ. Ní oṣù Owéwe 2021, Konami pa orúkọ PES rẹ́, ó sọ géèmù náà di eFootball, ọ̀fẹ́ ni, orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ni wọ́n sì ti ń rí i. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù mẹ́sàn-án péré ló wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ tó jáde, ojú àwọn agbábọ́ọ̀lù inú rẹ̀ sì burú débi pé gbogbo ayé ń bínú sí i. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù tó ń jẹun lórí Winning ló dúró sórí PES 2021, tó jẹ́ sídì ìkẹyìn, kí wọ́n tó ṣí lọ sọ́dọ̀ EA.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn tó ra sídì Call of Duty: Modern Warfare II fún PS5 rí i pé ohun tó wà lórí rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 70 lọ. Gbogbo géèmù yòókù, àfi kí wọ́n lọ wà á láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Alan Wake 2 jáde ní 2023 láìní sídì rárá, ó di 2024 kí wọ́n tó ṣe sídì rẹ̀. PS5 Pro dé ní oṣù Bélú 2024, 700 dọ́là, kò sì ní ojú sídì. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ á rà á lọ́tọ̀, á sì so ẹ̀rọ pọ̀ mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì kí ojú sídì náà tó gbà láti ṣiṣẹ́ nígbà àkọ́kọ́. Nintendo tún fi tirẹ̀ kún un nígbà tí Switch 2 jáde ní oṣù Òkúdu 2025: káàdì géèmù kan wà tí kò sí géèmù nínú rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ lásán ni, géèmù wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Fún ẹni tó ní iná ní gbogbo ìgbà tó sì ń san íntánẹ́ẹ̀tì ilé lóṣooṣù, kò sí wàhálà ńlá níbẹ̀. Ó sùn, ó jí, géèmù ti wọlé. Kéèyàn wá gbé e wá s'Ìkòròdú. Ọ̀pọ̀ géèmù ńlá òde òní ló ń kọjá gíígábáìtì 100. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2025, àjọ NCC fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ fi ohun tó tó ìdá 50 nínú 100 kún owó wọn. Epo pẹtiróòlù tí kò tó 200 náírà fún lítà kan kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ ní ìparí oṣù Ẹ̀bìbí 2023 ti kọjá 1,000 náírà kí 2024 tó parí. Oníṣọ́ọ̀bù tó ń wa géèmù sílẹ̀ lóru ń san détà, ó ń san epo, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá sì já láàárín, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà pé kó má bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Gbogbo ìyà yìí kò sí lára sídì. Wọ́n fi sínú ẹ̀rọ, ó ṣiṣẹ́.

Owó géèmù gan-an ńkọ́? Géèmù ńlá tó jẹ́ 60 dọ́là tẹ́lẹ̀ di 70 ní nǹkan bí ọdún 2020, Nintendo sì gbé Mario Kart World dé 80 ní 2025. Awuyewuye pọ̀ lórí dọ́là mẹ́wàá yẹn ní Amẹ́ríkà. N'Ìkòròdú, dọ́là fúnra rẹ̀ ni awuyewuye. Kí ìjọba tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù Òkúdu 2023, dọ́là kan kò tó 500 náírà ní báńkì. Ní 2024 ó ti kọjá 1,500. Géèmù 70 dọ́là tó jẹ́ nǹkan bí 32,000 náírà di 105,000 náírà. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ ní 2024 jẹ́ 70,000 náírà, ti Ìpínlẹ̀ Èkó jẹ́ 85,000. Géèmù kan ṣoṣo ju irú owó oṣù bẹ́ẹ̀ lọ. Bẹ́ǹṣì yẹn ló ń jẹ́ kí ó ṣeé ṣe rárá, nítorí ọgọ́rùn-ún ènìyàn ló jọ ń gbé ẹrù náà, oníkálukú pẹ̀lú owó kékeré ọwọ́ rẹ̀.

Ìròyìn kan wà tí òǹkọ̀wé yìí kò lè gbàgbé láé. Ní oṣù Èrèlé 2024, Sony gbé Helldivers 2 jáde fún PS5 àti fún kọ̀ǹpútà. Géèmù tó dùn ni, ẹni mẹ́rin ló jọ ń jà, àwọn ènìyàn sì rà á rẹpẹtẹ lórí Steam, ọjà géèmù kọ̀ǹpútà tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní ọjọ́ 3 oṣù Ẹ̀bìbí, Sony kéde pé gbogbo ẹni tó ń ta á lórí kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ ní àkáǹtì PlayStation Network. Létí ará Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ṣùgbọ́n Nàìjíríà kò sí nínú orílẹ̀-èdè tí PlayStation Network ń ṣiṣẹ́ fún. Ọmọ Nàìjíríà tó bá fẹ́ ṣí àkáǹtì, àfi kó sọ pé Amẹ́ríkà tàbí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lòun ń gbé. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, wọ́n ti yọ géèmù náà kúrò lórí àtẹ Steam ní orílẹ̀-èdè àti agbègbè 177. Àwọn tó ń ta á kárí ayé fárígá, wọ́n fapá jánú, títí Sony fi yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà láàárín ọjọ́ mẹ́ta.

Àwọn oníròyìn pè é ní ìṣẹ́gun, ìṣẹ́gun náà sì ni. Síbẹ̀, ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n tẹnu mọ́ ṣì wà nílẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn PlayStation àkọ́kọ́, ẹni tó ń gbé Ìkòròdú ṣì gbọ́dọ̀ purọ́ ibi tó ń gbé kí Sony tó gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń dunni. Sídì kì í béèrè ibi téèyàn ń gbé.

Bí ohun téèyàn rà bá sì wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ọjọ́ tí onítọ̀hún bá ti ilẹ̀kùn, ó parí. Ubisoft ta The Crew, géèmù eré mọ́tò, láti 2014. Nígbà tó di ọjọ́ 31 oṣù Ẹrẹ́nà 2024, ó pa sáfà rẹ̀, géèmù náà kò sì ṣí mọ́ fún ẹnikẹ́ni, kódà fún ẹni tó fẹ́ dá nìkan wakọ̀ káàkiri. Concord ti Sony jáde ní ọjọ́ 23 oṣù Ògún 2024. Ní ọjọ́ 6 oṣù Owéwe wọ́n ti tì í pa. Òun ni wọ́n dá owó rẹ̀ padà, èyí sì dáa. Láti inú ọ̀rọ̀ The Crew ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ross Scott ti dá ìpolongo Stop Killing Games sílẹ̀, ìwé ẹ̀bẹ̀ wọn sí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù sì kọjá mílíọ̀nù kan ní 2025. Ohun tí wọ́n ń béèrè kò le: bí ẹ bá fẹ́ pa sáfà, ẹ fi géèmù sílẹ̀ ní ipò tó ṣì ṣeé ta. Ó yẹ kí gbogbo ẹni tó bá ti di páàdì mú rí wà lẹ́yìn wọn.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan. Ní 2012, Abíọ́lá Ọláníran dá ilé-iṣẹ́ Gamsole sílẹ̀, wọ́n sì gbájú mọ́ ṣíṣe géèmù fún fóònù Windows Phone. Gidi Run wà lára iṣẹ́ wọn, eré sísá ní ìgboro Èkó. Ọ̀pọ̀ ló fi fóònù Lumia ta iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà nígbà náà. Microsoft wá kẹ̀yìn sí Windows Phone, nígbà tó sì di oṣù Ọ̀pẹ 2019, ó ti ọjà géèmù Windows Phone 8.1 pa. Ẹni tó bá fẹ́ fi ohun tí ìran rẹ̀ kọ́kọ́ ṣe han ọmọ rẹ̀ lórí fóònù yẹn kò ní rí ibi tí yóò ti wà á sílẹ̀ mọ́. Kí wọ́n wá fi èyí wé ọpọ́n ayò. Ihò 12, ọmọ ayò 48, òpè jókòó síhìn-ín, ọ̀ta jókòó sọ́hùn-ún, àwọn òǹwòran yí wọn ká, wọ́n ń fi òpè ṣẹ̀fẹ̀. Ọpọ́n tí bàbá bàbá ẹni ta ṣì wà lábẹ́ igi ní Ẹ̀pẹ́, wọ́n sì ń ta á títí di òní láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó gbẹ́ ẹ.

Àwọn kan á ní fóònù ti yanjú gbogbo rẹ̀. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ọmọ tó ní Tecno tàbí Infinix lè ta Dream League Soccer nínú ọkọ̀ láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́ láìlo détà púpọ̀, Call of Duty: Mobile sì ti sọ ọ̀pọ̀ di jagunjagun láti 2019. Fóònù ló mú géèmù dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò lè ra PS láyé, kò sì yẹ kí àwọn àgbà ìdí páàdì máa fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Ohun tó sọnù níbẹ̀ ni àjọṣe. Ènìyàn mẹ́wàá lè jókòó sí yàrá kan, kí kálukú tẹrí ba sórí fóònù tirẹ̀, kí wọ́n má mọ ẹni tó borí.

Títa géèmù lórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú ẹni tó wà ní ọ̀nà jíjìn tún ní ìṣòro tí owó nìkan kò lè yanjú. Okùn MainOne tó gba abẹ́ òkun láti Èkó dé Portugal gùn tó nǹkan bí kìlómítà 7,000. Ìmọ́lẹ̀ inú okùn bẹ́ẹ̀ ń rin nǹkan bí kìlómítà 200,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyẹn ni pé àlọ àti àbọ̀ nìkan ti jẹ ìdá 70 nínú ìdá 1,000 ìṣẹ́jú àáyá, kí ó tó kan nẹ́tíwọ́ọ̀kì àdúgbò. Ẹni tó wà nítòsí sáfà ní Yúróòpù ti gbá bọ́ọ̀lù wọlé kí páàdì ti Sábó tó jíṣẹ́. Ní ọjọ́ 14 oṣù Ẹrẹ́nà 2024, MainOne àti mẹ́ta mìíràn bà jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà nítòsí Côte d'Ivoire, íntánẹ́ẹ̀tì sì di ìgbín káàkiri Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Lọ́jọ́ náà, páàdì méjì tí wọ́n so mọ́ ẹ̀rọ kan ṣoṣo kò mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀.

Ní ti owó ńláńlá tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń ná, ọ̀rọ̀ kò pọ̀. Microsoft fi nǹkan bíi bílíọ̀nù 69 dọ́là ra Activision Blizzard, wọ́n parí rẹ̀ ní oṣù Ọ̀wàrà 2023. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ó lé òṣìṣẹ́ géèmù 1,900 lọ sílé. Ní oṣù Owéwe 2025, wọ́n kéde pé àwọn olówó kan, tí àpò ìdókòwò Saudi Arabia ṣíwájú wọn, fẹ́ fi bílíọ̀nù 55 ra EA. Ohun tó yẹ kí oníṣọ́ọ̀bù Ìkòròdú máa ṣọ́ níbẹ̀ ni bóyá EA Sports FC, géèmù bọ́ọ̀lù tó rọ́pò FIFA, ṣì máa wà lórí sídì. Grand Theft Auto VI, tí wọ́n ti sún síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, náà ń bọ̀. Àwọn tó fọwọ́ da kóòdù HESOYAM kọ sínú ìwé iléèwé wọn nítorí San Andreas ti di bàbá ọmọ, wọ́n ṣì ń dúró dè é.

Ìkòròdú ní ìdí pàtàkì kan láti fẹ́ kí géèmù bọ́ọ̀lù pẹ́ lọ́wọ́. Ìlú náà ni wọ́n ti bí Asisat Oshoala ní 1994, ẹni tí CAF ti fi ṣe agbábọ́ọ̀lù obìnrin tó dára jù ní Áfíríkà nígbà mẹ́fà. Nígbà tí EA kọ́kọ́ fi obìnrin sínú FIFA 16 ní 2015, orílẹ̀-èdè 12 ni wọ́n mú, Nàìjíríà kò sí níbẹ̀. Ọdún mẹ́jọ ló gbà kí EA Sports FC 24 tó mú líìgì obìnrin Sípéènì wọlé, Barcelona sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú Oshoala. Ọmọ Ìkòròdú tó ti ń fi páàdì darí ọmọ onílùú mìíràn láti ayé Castolo lè wá rí ọmọ ìlú tirẹ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n. Ẹgbẹ́ Ikorodu City, tó gòkè wọ líìgì àgbà Nàìjíríà ní 2024, kò tíì sí nínú géèmù náà. Ó yẹ kó wà níbẹ̀.

Ní oṣù Èrèlé 2024, Oshoala fi Barcelona sílẹ̀ lọ sí Bay FC ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀rọ tó bá wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń gba àtúnṣe bí agbábọ́ọ̀lù bá ṣí kúrò ní ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ẹ̀pẹ́, ẹ̀rọ wọn kì í sábà rí íntánẹ́ẹ̀tì. Sídì FC 24 tí wọ́n gbà láti Ìkòròdú ni wọ́n fi sí i, ó ti ní ìlà díẹ̀ lára. Ọmọbìnrin kan tó jókòó létí bẹ́ǹṣì, tó ti ń dúró láti ìgbà tí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, gba páàdì nígbà tó kàn án. Ó wá Barcelona obìnrin kàn, ó sì yí àwọn orúkọ lọ sísàlẹ̀ títí ó fi rí Oshoala. Oshoala ṣì wà níbẹ̀, nínú aṣọ búlúù àti pupa. Ó fi í síwájú, ó sì tẹ̀ ẹ́ kí eré bẹ̀rẹ̀.